Ọmọ mi ti lo ọdún mẹ́fà lórí pròtéènì kan ṣoṣo: ìgbà wo ló máa parí?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìkìrun: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọbìnrin mi gboyè nínú Biochemistry nílé, ó rí sukọ́láṣíìpù lọ ṣe PhD ní Amẹ́ríkà. Ọdún kẹfà rèé. Bí mo bá ti bi í pé ìgbà wo ló máa parí, á ní, 'Màmá, pròtéènì mi ò tíì jókòó.' Pròtéènì kan ṣoṣo! Ó ní ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló wà, pé bí ilẹ̀kùn ló rí. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ti kọ́lé. Ó wá tún ń sọ pé bí òun bá parí, òun máa ṣe 'postdoc'. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn àbí ilé-ìwé mìíràn? Àbí wọ́n kàn ń fi ọmọ mi ṣe ẹrú ni? Ṣé kí n ní kó fi sílẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àbí kó máa bọ̀ wálé wá di lẹ́kítọ́rà? Láti ìgbà tí mo ti ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ mi ò wálẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ń lo oògùn mi déédéé."

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mo bú sí, torí èmi náà ti sọ gbólóhùn yẹn gan-an fún ìyá mi rí lórí fóònù, pé pròtéènì ò tíì jókòó. Ìyá mi ní, "Ṣé kò sí àga níbẹ̀ ni?" Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín ò wá mọ́. Mo rántí pé ìyá mi ò bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Káàdì fóònù ń jó lọ, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì wà lójú ọ̀nà, àbí ó ti wọ igbó tí ẹnikẹ́ni ò ní lè wá a rí. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun tí ẹ̀yin náà ń béèrè nìyẹn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe. Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ ọ, Ìlú Ọba ni mo ti ń jẹun ẹ̀ báyìí. Màá sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín bó ṣe rí, kódà ibi tí kò dùn ún gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹrú. Ẹni tó bá ń ṣe PhD sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà kì í sábà san owó ilé-ìwé, wọ́n tún máa ń fún un ní owó oṣù tó máa fi san owó ilé tó máa fi jẹun. Owó náà ò pọ̀, kò lè fi kọ́lé sí Ìkìrun, ṣùgbọ́n owó ni. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló ń tan àwa òbí jẹ. "Stúdẹ́ǹtì" ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó ní kíláàsì mọ́. Iṣẹ́ ló ń lọ láàárọ̀, bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà, tí àga tó ń kàn ti ń jáde lọ sọ́jà. Ọdún mẹ́fà kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni PhD irú èyí sábà máa ń gbà. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba níbí, ìdí nìyẹn tí ọmọ ará àdúgbò tó lọ sí London fi dà bí ẹni tó yára ju tiyín lọ. Ètò ló yàtọ̀, kì í ṣe ọpọlọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "pròtéènì kan ṣoṣo." Kì í ṣe ti ẹ̀wà àti ẹran tí à ń jẹ nìkan là ń wí o: ohun èlò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ṣiṣẹ́ ni pròtéènì. Màmá, ẹ dìde, ẹ lọ mú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín wá. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí amlodipine tàbí losartan lára ẹ̀, torí àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà wa. Amlodipine ń dí ihò kan tí kálísíọ̀mù máa ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yí òpó ẹ̀jẹ̀ ká. Bí kálísíọ̀mù ò bá ráyè wọlé tó bó ṣe fẹ́, iṣan á dẹ̀, òpó á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọra máa lọ. Losartan ní tiẹ̀ ń jókòó sẹ́nu pròtéènì mìíràn tó ń gbọ́ ìròyìn "ẹ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀," kó má bàa gbọ́ ọ. Pròtéènì kan ni ihò yẹn. Pròtéènì kan ni agbọ́rọ̀ yẹn. Inú awọ sẹ́ẹ̀lì ni àwọn méjèèjì wà, bíi tọmọ yín. Ẹnì kan ti jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí páálí yẹn tó dé kẹ́míìsì Ìkìrun, ó sì dá mi lójú pé ìyá tiwọn náà béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa parí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní awọ, òróró sì ni wọ́n fi ṣe awọ náà, ìpele méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ó tín-ín-rín débi pé bí a bá to igba ẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ léra, agbára káká ni yóò fi nípọn tó mìlímítà kan. Òróró yìí ni ò jẹ́ kí omi ìta àti omi inú pàdé, torí ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ tó bá ti òde dé kì í ráyè wọlé. Ẹ wò ó báyìí: ajá lé yín ládùúgbò, àyà yín ń lù kìkì. Adirẹnalíìnì, ìránṣẹ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, ló ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn yín rárá. Ó kàn ilẹ̀kùn ni. Pròtéènì kan wà nínú awọ náà tó rán ara ẹ̀ já òróró yẹn lẹ́ẹ̀meje, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ tó ń jáde. Bí adirẹnalíìnì bá ti fọwọ́ kan apá òde ẹ̀, apá inú á yí padà díẹ̀, ìwọ̀nba yíyí padà yẹn ni ìròyìn tí inú ilé gbọ́. "Receptor" ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rin oríṣi tó ń rán ara wọn lẹ́ẹ̀meje báyìí ló wà lára èèyàn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí kárí ayé ló sì jẹ́ pé ara wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ Ozempic tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí ó máa ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí ẹ bá ń lọ ata rodo tó bá ta sí yín lójú, ilẹ̀kùn mìíràn ló ṣí. TRPV1 ni wọ́n sọ ọ́. Láàbù David Julius ní California ló rí i ní 1997, òun àti Ardem Patapoutian sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, torí pé Patapoutian ní tiẹ̀ rí ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ ká mọ̀ bí nǹkan bá fọwọ́ kàn wá. Ilẹ̀kùn ata yìí, ooru tó bá ti tó nǹkan bíi 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń ṣí i. Ohun tó wà nínú ata wá ń tan ilẹ̀kùn náà jẹ, ilẹ̀kùn á rò pé iná ló dé. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi ń sọ pé ata "gbóná" bó bá tilẹ̀ wà nínú fíríìjì. Àwa ní ó ń ta, bí àkéekèé. Ọmọ yín lè sọ èwo nínú méjèèjì ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Kí ló wá dé tí pròtéènì kì í fi í jókòó, ìyẹn ni pé kó dúró ní odindi láìdà rú? Ibí ni wàhálà iṣẹ́ wa wà, ibẹ̀ náà sì ni ọdún mẹ́fà ọmọ yín lọ. Ká tó lè rí bí ilẹ̀kùn ṣe rí gan-an, a ní láti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ògiri yẹn, òróró ni. Apá tó wà nínú òróró lára pròtéènì náà kórìíra omi, bẹ́ẹ̀ inú omi la ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ ìkòkò ọbẹ̀ rí mọ ohun tó kàn: ọṣẹ. A máa ń lo irú ọṣẹ kan tó rọra, tó sì wọ́n bí ojú, láti fi yọ pròtéènì náà kúrò lára òróró. Bí ọṣẹ bá kéré jù, kò ní jáde. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tó le jù, á bó gbogbo òróró tó dì í mú, pròtéènì á sì dà rú, á lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, á di ìṣù funfun nísàlẹ̀ ike. Bí ẹyin tó ti jinná ló máa ń rí. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò ní padà di tútù mọ́.

Òun náà kì í sì í pọ̀. Pròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ tàbí inú ẹyin, ẹ lè bù ú ní ṣíbí. Tiwa yìí, a máa fi ọ̀pọ̀ lítà sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ̀n nínú ìgò ńlá fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ká tó rí èyí tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo rántí òru kan ní yàrá tútù wa. Ìwọ̀n 4 ni wọ́n ń gbé yàrá náà sí, bí inú fíríìjì, oṣù keje ni, oòrùn ń pa àwọn èèyàn níta, mo wọ súwẹ́tà àti fìlà. Mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà níbi tí ìlà kan ti ń fà lọ bí pròtéènì ṣe ń kán jáde nínú páìpù. Bí òkè bá tètè yọ lójú ìlà yẹn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ó ti lẹ̀ mọ́ra, torí ohun tó tóbi ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Bó bá pẹ́ díẹ̀ kí òkè tó yọ, tí òkè náà jẹ́ ẹyọ kan, tó ga tó sì tín-ín-rín, ó ti jókòó nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òkè tèmi tètè yọ. Ìgbà kẹtàdínlógójì ni mo ń dán an wò. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fọ ìgò mi, mo lọ sílé. Ọdún méjì àti oṣù méje ni mo fi wà bẹ́ẹ̀, ohun tó wá yanjú ẹ̀ kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́: iyọ̀ inú omi náà la yí padà.

Àwọn tó bá fẹ́ tu òbí nínú máa ń sọ ìtàn Brian Kobilka, èmi náà á sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ìyókù ẹ̀. Ìlú kékeré kan ní Minnesota ni wọ́n ti bí i, bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó sì wọ láàbù Robert Lefkowitz ní Yunifásítì Duke ní 1984. Ní 1986, wọ́n rí jíìnì (ìlànà tí ara ń tẹ̀lé láti ṣe pròtéènì) ọ̀kan nínú irú ilẹ̀kùn adirẹnalíìnì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rí i pé ó ń rán ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀meje bí ìbátan ẹ̀ tó wà nínú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ó dé Stanford ní 1989, ó wá ń lépa àwòrán pròtéènì náà. Ìgbà kan wà tó ń lọ ṣe dókítà pàjáwìrì nílé ìwòsàn lópin ọ̀sẹ̀ kí owó ilé lè tó. Ọdún 2007 ni àwòrán àkọ́kọ́ jáde. Ní 2011 ni wọ́n wá ká ilẹ̀kùn náà mọ́ ibi tó ti ń jẹ́ iṣẹ́ fún pròtéènì inú ilé, ní 2012 òun àti Lefkowitz gba Nobel. Ìtàn tó dùn ni. Ìyókù ẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ṣe bíi Kobilka, ọ̀pọ̀ ló wà tó lo ọgbọ́n kan náà, sùúrù kan náà, tí pròtéènì tiwọn ò jókòó títí owó fi tán. Ẹni tó bá fi Kobilka dá yín lọ́kàn le tí kò sọ èyí ń purọ́ fún yín.

Ohun kan ti yí padà láti ìgbà tiwa, ó sì dára kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, ó di dandan kí pròtéènì di kírísítálì, bí iyọ̀ ṣe ń di wóro, ká tó lè ya àwòrán ẹ̀, pròtéènì inú awọ sì kórìíra ìyẹn. Láti nǹkan bí 2013, wọ́n ti ń fi yìnyín mú un lójijì, wọ́n á sì fi máíkírósíkóòbù oní-ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yà á lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. TRPV1 ti ata yìí wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà náà rí kedere. Àwọn mẹ́ta tó la ọ̀nà yẹn gba Nobel ní 2017. Kọ̀ǹpútà náà ti dé: ètò AlphaFold lè sọ bí pròtéènì ṣe ṣeé ṣe kó rí láìsí pé ẹnikẹ́ni fọ ìgò kan, àwọn tó ṣe é sì gba Nobel tiwọn ní 2024. Bóyá ẹnì kan ti sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ ọmọ yín. Kò tíì gbà á. Kọ̀ǹpútà dára púpọ̀ níbi kó ya ilẹ̀kùn tó dúró sójú kan. Bó ṣe ń ṣí, bó ṣe ń tì, ibi tí oògùn há sí nígbà tó ń ṣí, ó ṣì máa ń ṣì í sọ, láàbù ló sì ń fi hàn bóyá ó ṣì í. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà níbẹ̀: nítorí ọ̀nà ti yá, àwọn tó ń sáré lójú ọ̀nà kan náà ti pọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Láàbù kan tí a ò mọ̀ pé ó ń ṣe pròtéènì wa gbé àwòrán ẹ̀ jáde nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí tiwa lọ. Wọn ò jí nǹkan wa, wọ́n kàn yára jù wá lọ ni. Ọmọ tó ń ṣe PhD lórí iṣẹ́ náà lábẹ́ mi sunkún nínú ọ́fíìsì mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Bí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, ó lè má sọ fún yín.

Ẹ lè ní, ó dáa, Òyìnbó ló ń jẹ èrè ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti APOL1 fún yín. Pròtéènì kan ni, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó máa ń lu ihò sí awọ kòkòrò tó ń fa àrùn tó ń mú èèyàn sùn ṣáá, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì kan lára jíìnì náà, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, máa ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ bí èèyàn bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá. Àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó ti yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún ìwádìí jíìnì àgbáyé ṣáájú ìgbà náà wà lára àwọn tí wọ́n fi mọ bó ṣe wọ́pọ̀ tó. Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ kòkòrò ló ń lu ihò sí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín tiwa. Ilé iṣẹ́ oògùn kan wá oògùn tó lè dí ihò yẹn, inaxaplin ni wọ́n sọ ọ́, ní 2023 wọ́n sì tẹ àbájáde ìdánwò kékeré kan jáde níbi tí pròtéènì tó ń bá ìtọ̀ àwọn aláìsàn jáde ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ kéré, kò tíì tó láti jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí ihò ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú awọ ló lè ronú pé oògùn lè dí i, irú ìmọ̀ tí ọmọ yín ń kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ postdoc ló kàn. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ìwádìí tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn PhD. Owó oṣù ń bẹ níbẹ̀, owó orí náà ń bẹ níbẹ̀. Iye tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, là sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́ ní 2024 jẹ́ 61,008 dọ́là lọ́dún. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ẹ máa dìde lórí àga. Bí ẹ bá wá ṣẹ́ ẹ sí owó ilé ní Boston, ẹ máa tún jókòó padà. Àdéhùn ọdún kan kan ló sábà máa ń jẹ́, ó lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì wà fún ẹni tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa ní láàbù tiẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń wọ ọ̀nà yẹn ló ń dé ibẹ̀, àwọn tó sì ń dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti lé lógójì ọdún kí NIH tó fún wọn ní owó ìwádìí ńlá àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwọn. Láti 2025 wá, ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ọ̀pọ̀ ìwádìí dúró, ọkàn àwọn láàbù ò balẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, màá bi í pé kí ló fẹ́ kọ́ níbi postdoc tí kò tíì mọ̀. Bí ìdáhùn ẹ̀ bá jẹ́ "mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe," màá ní kó má lọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú pròtéènì inú awọ jókòó, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń wá a, wọ́n sì lè gbà á láti ibi PhD tààrà. Físà ilé-ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sábà máa ń fún irú wọn láyè ọdún kan láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, wọ́n á tún fi ọdún méjì lé e nítorí sáyẹ́ǹsì. Kó ti máa wá iṣẹ́ náà báyìí, kó má dúró di ọjọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Iṣẹ́ tó níyì ni, mi ò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó kúrò lọ́dún kẹta, ó gba Másítà dání, ó wà nínú iṣẹ́ mìíràn báyìí, ojú ẹ̀ sì ń dán ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta yàtọ̀ sí ọdún kẹfà. Ẹni tó ti gun ọ̀pẹ dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè kan ẹyìn, bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó rí lókè tó fi fẹ́ sọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ lẹ ní kó sọ̀, ẹ̀yin ló máa máa dá lẹ́bi ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀.

Ní ti kó wá di lẹ́kítọ́rà nílé, ó ń dùn mí láti sọ ọ́, mo sì fẹ́ràn ilé. Fírísà tí à ń kó pròtéènì sí, ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà, tọ̀sán-tòru, láìdákú. Ẹ ro iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ máa mu. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi wà nílé, sẹ́ẹ̀lì inú ìgò ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ dáṣẹ́sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe rárá o. Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí yín, láàbù tó wà ní Redeemer's University ló kọ́kọ́ ka jíìnì kòrónà ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta ọdún 2020. Iṣẹ́ jíìnì nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń lò yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ti fi hàn pé bí iná bá wà tí owó sì wà, ọpọlọ ò wọ́n wa. Ibi tí mo rí pé ẹni tó wà nílé ti lè ṣe iṣẹ́ tiwa láìsí fírísà ni ti kọ̀ǹpútà: àwòrán tí AlphaFold ti yà lé ní igba mílíọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní dátà lè wà á sílẹ̀ ní Ìkìrun. Kó fi ìyẹn sọ́kàn fún ọjọ́ iwájú. Ní báyìí tí pròtéènì ẹ̀ wà nínú yìnyín lọ́hùn-ún, kó má gbéra.

Mi ò mọ ọmọ yín, mi ò mọ ọ̀gá ẹ̀, mi ò sì mọ pròtéènì wo ni, torí náà mi ò lè sọ oṣù tó máa parí. Àwọn PhD kan wà tó ń pẹ́ nítorí iṣẹ́ le, àwọn mìíràn sì ń pẹ́ nítorí ọ̀gá ò fẹ́ kí ọwọ́ tó mọṣẹ́ lọ. Láti òde, bákan náà ni wọ́n rí. Bí ẹ bá tún pè é, ẹ má bi í pé ìgbà wo ló máa parí, torí ìbéèrè yẹn ló ń jẹ́ kó fi pròtéènì dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò jókòó gbẹ̀yìn, kí ni wọ́n sì ní kó ṣe kù. Ó yẹ kí wọ́n máa jókòó ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ bi í bóyá ó ti ní ìwé ìwádìí tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú, tàbí èyí tó ń kọ lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ kà á gbẹ̀yìn. Ẹ bi í bóyá owó ọ̀gá ẹ̀ dé ọdún tó ń bọ̀. Bó bá rí àwọn yẹn dáhùn, kódà tí ìdáhùn ò dùn, ó wà lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó láti ọdún méjì, tí ọ̀gá ò ka nǹkan kan, ó yẹ kó lọ bá ẹni tó ń darí ètò PhD ní ẹ̀ka ẹ̀, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹ tún fetí sí ohùn ẹ̀: ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ní ọ̀rẹ́ tó ń bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ò sọ fún ìyá mi nígbà tí mi ò sùn fún oṣù kan.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru yín, Dókítà tèmi yìí kì í ṣe ti ọsibítù. Mo mọ ihò tí oògùn yín ń dí, mi ò mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ máa lò. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì fi ti aládùúgbò kún un. Kí ẹ tó lọ, ẹ ní kí ọmọ yín fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ìlà tó ń fà lọ lójú kọ̀ǹpútà yẹn, á mọ èyí tí ẹ ń wí. Bí ẹ bá rí òkè kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ga tó sì tín-ín-rín, tí kò sí gegele kankan níwájú ẹ̀, ẹ pè é padà, ẹ ní ẹ ti rí i pé ó jókòó.